Kámẹ́rà wà nílẹ̀, ara ò yá sí i mọ́: kí ló ń mú ẹ̀yin máa ya fọ́tò lọ?

Ojúlarí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Mo fẹ́ràn fọ́tò yíyà gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi, mo kàn ń fi ṣe fàájì ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, tí mo bá gbé kámẹ́rà, ṣe ni n óò dì í mú, n óò máa wò ó bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú. Kí ni n óò yà? Ohunkóhun tó bá wá sí mi lọ́kàn, àwọn kan ti yà á, wọ́n sì ti yà á jù mí lọ. Tí mo bá tiraka tí mo gbé méjì mẹ́ta sórí ayélujára, àwọn mọ̀lẹ́bí nìkan ló ń tẹ láìkì, àwọn náà ń ṣojú ayé ni. Fọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi tí mi ò tíì padà wò látìgbà tí mo ti yà wọ́n, kò lóǹkà.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ jáwọ́. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń gbé ẹ̀yin dìde lọ́jọ́ tí ara ò bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra kámẹ́rà tuntun.

Kòkánjú

Ẹ ti dí wa lẹ́nu nìyẹn 😂

Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ. Mo mọ adùn lẹ́ńsì tuntun dáadáa. Ó máa ń dùn títí ojú èèyàn á fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, “kí ni n óò yà?” á tún padà wá jókòó, owó nìkan ni kò ní padà.

Ìyá Fíìmù

Ojúlarí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí a tó máa da ìmọ̀ràn bò yín, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ń dùn yín gan-an. Ṣé yíyà ló sú yín, àbí ohun tó ń tẹ̀lé yíyà? Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn pé wọn ò kọ títẹ bọ́tìnnì rárá. Ẹrù ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò tó ń dúró de yíyẹ̀wò nílé ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá jáde, irínwó fọ́tò lòun máa kó wálé, pé bóyá mẹ́ta ló máa dáa níbẹ̀, pé gbogbo alẹ́ lòun á sì fi wá mẹ́ta ọ̀hún, ẹni náà á yàn láti jókòó sílé. Mi ò ní bá a wí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kúrò lórí fíìmù. Róòlù 35mm kan, fọ́tò 36 ló wà níbẹ̀. Tó bá ti tán, ó tán. Mi ò ní kí ẹ lọ ra kámẹ́rà fíìmù o, ẹ ti kìlọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín náà lè ṣe é. Ẹ fún ara yín ní 36 péré fún ìjáde kan. Ẹ lọ sínú ètò kámẹ́rà, ẹ pa fọ́tò tó máa ń yọ lójú rẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀, kẹ́ ẹ má sì wo ohunkóhun títí ẹ ó fi délé. Ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́: ẹ ó sún mọ́ nǹkan, ẹ ó yí i ká, ẹ ó dúró kí ẹnì kan kọjá, torí ẹyọ kan lẹ fẹ́ ná, ẹ ò sì fẹ́ ná an dànù.

Ẹ má jẹ́ kí èyí tí kò dáa bà yín nínú jẹ́. Robert Frank, ayàfọ́tò tó fi 1955 àti 1956 rin Amẹ́ríkà já, ya nǹkan bí 28,000 fọ́tò lẹ́nu ìrìn àjò yẹn. 83 ló mú fún ìwé rẹ̀. Ẹ pín in wò: nínú ọ̀ọ́dúnrún àti díẹ̀, ẹyọ kan. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń sọ ọ̀ọ́dúnrún nù kó tó rí ọ̀kan, ta wá lèmi tí n óò máa bínú sí ara mi nítorí ogún?

Òjìji

Ọ̀rọ̀ láìkì yẹn ni mo fẹ́ dá sí, torí òun ni mo rò pé ó ń pa ọ̀pọ̀ wa.

Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn láti máa fi kálámù aláwọ̀ yàwòrán láìsí ẹni tó ní kí wọ́n yà á. Wọ́n sọ fún àwọn kan nínú wọn pé tí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí. Wọn ò sọ nǹkan kan fún àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí náà lójijì nígbà tí wọ́n yà á tán. Àwọn tó kù ò gba ohunkóhun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n tún kó kálámù síwájú gbogbo wọn lásìkò eré, wọ́n wá ń ṣọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún tẹ́lẹ̀ fi nǹkan bí ìdajì àkókò táwọn yòókù lò sídìí àwòrán. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó rí ẹ̀bùn gbà lójijì ò yàtọ̀ sáwọn tí kò rí nǹkan kan gbà. Ìlérí yẹn ló ba eré jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo àwa náà. Kámẹ́rà ò tíì dé ojú wa, a ti ń rò ó pé “ṣé wọ́n máa fẹ́ràn èyí?” Tí láìkì bá wá ṣàdédé dé, ó dáa, ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ òun lẹ jáde lọ wá, ọjọ́ tí kò bá wá ni ọwọ́ yín máa rọ.

Èmi yọ áàpù tí mo fi ń gbé fọ́tò sórí ayélujára kúrò lórí fóònù mi. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà báyìí, ó sì máa ń sú mi láti tan kọ̀ǹpútà nítorí rẹ̀, ohun tí mo sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Mi ò sì ń gbé fọ́tò jáde lóṣù tí mo bá yà á. Garry Winogrand, tó ń ya èèyàn ní ìgboro, máa ń fi fíìmù sílẹ̀ tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, kí inú dídùn ọjọ́ tó yà á má baà tàn án jẹ pé fọ́tò náà dáa.

Ìyá Fíìmù

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Winogrand kú ní 1984, róòlù tó lé ní 2,500 ló wà nílẹ̀ tí kò tíì fọ̀. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ má dúró tóyẹn o.

Ojúlarí

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá, ẹ ti mú mi níbi tó ń dùn mí: yíyẹ̀wò yẹn ni. Mo tiẹ̀ ń sá fún kọ̀ǹpútà náà báyìí.

Òjìji, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ó sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá máa rí i, kí la wá ń yà á fún?

Alárìnká

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì mọ ibi tí wọ́n á gbà dá a lóhùn. Láìpẹ́, ẹnì kan á dárúkọ Vivian Maier fún yín: obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní Chicago, tó ya fọ́tò tó lé ní 100,000, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi han ẹnikẹ́ni, tí wọ́n wá bá ẹrù rẹ̀ pàdé níbi tí wọ́n ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo ní 2007, tó sì kú ní 2009 kí òkìkí tó kàn. Wọ́n á ní “ẹ wò ó, ara rẹ̀ ló ń yà á fún”. Mi ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń lo obìnrin yẹn. Ẹlòmíràn ló ń fẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ ká sọ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ di òfin fún ara wa.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárín ẹgbẹ̀rún àjèjì orí ayélujára àti èèyàn tó dá wà pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, ẹlòmíràn wà tá a máa ń gbàgbé: ẹni tó wà nínú fọ́tò náà. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e fún un. Kò nílò kó tóbi, 10×15 sẹ̀ǹtímítà ti tó. Mo ya bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe. Nígbà tí mo mú fọ́tò náà lọ fún un, ó wò ó díẹ̀, ó yí i padà, ó ní kí n kọ ọjọ́ tí mo yà á sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìwọ náà wá ya ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kó lè fi ránṣẹ́ sílé.” Bí fọ́tò tó kàn ṣe ní ẹni tó ń dúró dè é nìyẹn, kó tó di pé mo ronú nípa lẹ́ńsì tí n óò lò. Kò tíì sí láìkì tó rán mi níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Fọ́tò tí wọ́n bá ti fọ̀ tún máa ń kọ́ni. Lójú fóònù, gbogbo nǹkan ń tàn, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Lórí bébà lẹ ó ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣókùnkùn jù, pé òpó kan ń jáde látinú orí ẹni tẹ́ ẹ yà. Ẹ lẹ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́ ara ògiri níbi tẹ́ ẹ máa ń kọjá lójoojúmọ́. Èyí tó bá ṣì dùn ún wò lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Fóònù-lásán

Ẹ má bínú, ṣé àwa tá a ní fóònù nìkan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Kòkánjú

Ẹ wà níbẹ̀ dáadáa. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lókè yìí, kò sí èyí tí fóònù ò lè ṣe. Ẹ kàn kọ́kọ́ nu ojú lẹ́ńsì rẹ̀. Ọ̀rá ìka tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná máa fà tàn-ìn nínú fọ́tò alẹ́, táwọn èèyàn á ní fóònù àwọn ò dáa.

Tíṣà Ìmọ́lẹ̀

Ojúlarí sọ ohun kan níbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn: pé gbogbo nǹkan làwọn kan ti yà. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti yà á tipẹ́. Ní 1930, Edward Weston gbé tàtàṣé kan sínú àrọ páànù, ó yà á, fọ́tò yẹn sì wà lára àwọn tí aráyé mọ̀ jù lọ títí dòní. Tàtàṣé Nọ́ńbà 30 ni orúkọ rẹ̀, torí kò fi ẹyọ kan mọ. Josef Sudek, tí ogun àgbáyé kìíní gba apá ọ̀tún rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Prague ní 1940. Ó ń yà á bọ̀ títí di 1954. Fèrèsé kan náà! Lọ́jọ́ kan, òjò ló wà lára gíláàsì. Lọ́jọ́ mìíràn, ìrì ti bò ó, igi tó wà lóde sì dà bí òjìji lásán. Lọ́jọ́ mìíràn, ife omi kan ló wà létí rẹ̀.

Ohun tó ń yí padà lójú fèrèsé yẹn ni ìmọ́lẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá bi mí, ẹ yéé wá nǹkan yà fúngbà díẹ̀, ẹ máa wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní iṣẹ́ kan, kí n sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí mímọ ìdí ló ń jẹ́ kó dùn.

Ẹ pa gbogbo iná inú yàrá. Ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ẹnì kan jókòó síbẹ̀. Tí kò bá sí èèyàn, ẹ gbé ife tàbí bàtà sórí rẹ̀. Ẹ yà á. Ẹ sún àga náà wọ inú yàrá ní ìgbésẹ̀ méjì, ẹ tún yà á. Ẹ sún un lọ sí ìsàlẹ̀ yàrá pátápátá, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ni pé ìmọ́lẹ̀ ti dín kù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ojú wa máa ń bá òkùnkùn mu kíákíá, a kì í mọ̀. Kámẹ́rà kì í fi pa mọ́, ó máa fi hàn yín. Ohun kejì ni etí òjìji. Nígbà tí àga sún mọ́ fèrèsé, fèrèsé tóbi níwájú ẹni tó jókòó, ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí òjìji lójú rẹ̀ á rọ̀. Nígbà tó wà ní ìsàlẹ̀ yàrá, fèrèsé ti kéré lójú rẹ̀, etí òjìji á le.

Ìdí kan náà ni òjìji ọ̀sán gangan fi máa ń le. Oòrùn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé bíńtín ló rí níwájú wa. Tí ìkùukùu bá wá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run á di fèrèsé ńlá kan, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ọjọ́ táwọn èèyàn ń pè ní ọjọ́ tí kò dáa fún fọ́tò, èmi ní tèmi, ọjọ́ yíya ojú èèyàn nìyẹn. Ní kùtù hàì àti ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Búlúù ti fọ́n ká sójú ọ̀nà, pupa àti àwọ̀ ọsàn ló pọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí ògiri tí ẹ ti ń wò látàárọ̀ ṣe máa ṣàdédé lẹ́wà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí yóò sì padà di ògiri.

Ẹni tó bá ti mọ èyí, yàrá kan ṣoṣo ti tó o ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àfi yàrá tó jẹ́ pé gílóòbù kan ló wà láàárín àjà rẹ̀, tí kò ní fèrèsé. Ìyẹn ò wù mí rárá.

Sọ̀tọ́jú

Ẹ má bínú sí mi. Gbogbo yín ń wá bí ẹni yìí ṣe máa ya fọ́tò lọ, kò sẹ́ni tó bi í bóyá dandan ni. Fàájì ni, àbí? Fàájì tó bá ti di gbèsè, iṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún ni. Henri Cartier-Bresson wà lára àwọn tó dá Magnum, ẹgbẹ́ àwọn ayàfọ́tò, sílẹ̀ ní 1947. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó padà sídìí àwòrán tó ń fọwọ́ yà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi wà bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú ní 2004, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ya fọ́tò. Ta ló ní kì í ṣe ayàfọ́tò?

Ẹ gbé e sílẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sílẹ̀ dáadáa. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú rẹ̀. Kó má kún, kó má gbẹ tán, àárín méjì ni kó wà. Ẹ má tì í mọ́nú àpò aláwọ tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ kó o sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú sílíkà, àwọn hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, torí nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin, lẹ́ńsì máa ń bu. Ohun funfun wẹ́wẹ́ á ta sára gíláàsì inú rẹ̀, nínù rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni.

Ìyá Fíìmù

Ọ̀rọ̀ bátìrì àti ọ̀rinrin yẹn dáa, kí gbogbo wa dì í mú. Ṣùgbọ́n Sọ̀tọ́jú, ẹ ka ìbéèrè náà: ó ní òun ò fẹ́ jáwọ́. Cartier-Bresson náà ò sì jáwọ́ nínú wíwò o, pẹ́ńsù ló kàn gba ipò kámẹ́rà.

Awòyẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kan ni mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ kí ẹnì kan tó dábàá ẹ̀: fọ́tò ojoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti rẹ̀, kí ago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, á ti máa ya ìdí ife àti ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó ṣáà lè fi àmì sí ọjọ́ náà. Ìyẹn ò dá ìfẹ́ kankan padà.

Ẹ jẹ́ kó jìnnà síra. Nicholas Nixon bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyàwó náà obìnrin mẹ́ta ní 1975. Fọ́tò kan lọ́dún ló ń mú. Bí wọ́n ṣe tò lẹ́yìn ara wọn kì í yí padà, ó sì ṣe é fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹ lè má yà síbẹ̀. Tí ẹ bá rí gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ọ̀wọ́, ẹ ò ní lè kúrò. J.D. ’Okhai Ojeikere náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ní 1968, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn orí, ó sì kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún jọ. Kò sí ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jí tí á máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun máa yà. Ìbéèrè tó kù fún un ò ju irun ta ló kàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ tiyín? Ẹ wá ohun tẹ́ ẹ máa ń dúró wò bí kámẹ́rà ò tiẹ̀ sí lọ́wọ́ yín. Ẹyẹ ni tèmi. Mo ti ń wò wọ́n kí n tó ní kámẹ́rà rárá. Tí fọ́tò bá bàjẹ́, mo ṣáà ti rí ẹyẹ.

Fóònù-lásán

Èyí wọlé. Ìlẹ̀kùn ni tèmi, mo máa ń dúró wo ìlẹ̀kùn àwọn ilé àtijọ́ ṣáá. Mi ò mọ̀ pé ó lè di nǹkan.

Ojúlarí

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó gbàgbé: ẹni tá a jọ ń gbé máa ń sọ pé tí kámẹ́rà bá ti dé ojú mi, mi ò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Ó wà lára ohun tó ń mú kí n fi í sílé. Ṣé òótọ́ ni?

Òjìji

Ẹ̀rí wà fún yín, ẹ̀rí wà fún un. Linda Henkel mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ilé ìkóhun-ọnà-pamọ́-sí kan, ó ní kí wọ́n ya àwọn ohun kan ní fọ́tò, kí wọ́n kàn wo àwọn mìíràn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: ohun tí wọ́n yà ò dúró sí wọn lọ́kàn tó ohun tí wọ́n kàn wò. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n fa lẹ́ńsì sún mọ́ apá kan lára nǹkan náà, ìgbàgbé yẹn ò wáyé. Ní 2016, Diehl, Zauberman àti Barasch ní tiwọn rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń ya fọ́tò ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń gbádùn rẹ̀ ju àwọn tí kò yà á, torí ọkàn wọn túbọ̀ wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ara mi ni pé ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì lásán ti gbé wíwò fún kámẹ́rà. Ẹni tó ń yàn, tó ń bi ara rẹ̀ pé ibo gan-an ni mo fẹ́, ń wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ìyẹn ò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, torí ẹ lè máa wo ilé, igi àti ojú ọ̀run kẹ́ ẹ má wo òun. Ẹ ya díẹ̀, ẹ gbé e sínú àpò, kẹ́ ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ni o.

Kòkánjú

Òjìji ti di alágbàwí ìgbéyàwó 😂

Ojúlarí

Ẹ ṣeun o. Mo ti mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Awòyẹ: ọwọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń wo ọwọ́ gan-an, mi ò kàn kà á sí nǹkan tí wọ́n ń yà ni. Ọwọ́ ìyá mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, 36 péré, n óò sì fọ ọ̀kan fún wọn bí Alárìnká ṣe wí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n yà á ní aláwọ̀ ni tàbí dúdú àti funfun? Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńkọ́, ṣé kí n pa gbogbo wọn rẹ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́?

Kòkánjú

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lọ́jọ́ tí inú bá ń bí yín sí i. Ẹ má sì wá èyí tẹ́ ẹ máa sọ nù, iṣẹ́ yẹn kì í tán. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kọjá kíákíá, èyí tó bá dá ọwọ́ yín dúró láìronú, ẹ fi ìràwọ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Oṣù kan oṣù kan ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó gba ìràwọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀: méjì sórí ohun ìpamọ́ tó yàtọ̀ síra wọn nílé, ẹ̀kẹta sí ibòmíràn pátápátá, kí omi tàbí iná má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ pọ̀. Ìyókù lè jókòó jẹ́ẹ́ níbi tó wà. Kò bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ yín.

Ìyá Fíìmù

Lórí àwọ̀: ẹ wò ó bóyá àwọ̀ ń sọ nǹkan kan. Tí aṣọ tí ìyá ń rán bá pupa fòò, ẹ jẹ́ kó pupa. Tó bá jẹ́ ìṣan ọwọ́ àti awọ ara lẹ fẹ́ kí èèyàn rí, àwọ̀ á kàn máa pe ojú síbòmíràn ni.

Tíṣà Ìmọ́lẹ̀

Ẹ ò sì ní láti yàn ṣáájú. Tí kámẹ́rà yín bá ní RAW, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí láìtíì tún un ṣe, ẹ gbé e sórí RAW, kẹ́ ẹ wá ní kó máa fi dúdú àti funfun hàn yín lójú rẹ̀. Dúdú àti funfun lẹ ó máa rí bí ẹ ṣe ń yà á, ṣùgbọ́n àwọ̀ wà nínú fáìlì náà.

Ọwọ́ orí ẹ̀rọ ìránṣọ kì í dúró, torí náà shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, ni kẹ́ ẹ mójú tó. 1/250 ìṣẹ́jú àáyá máa ń tó láti mú ọwọ́ dúró. Tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ dé 1/30, ìka á fà díẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀rọ á dúró gbọnyin, ó máa ń dùn ún wò, àmọ́ ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín ti orí tábìlì tàbí ẹ̀yìn àga kí ẹ̀yin náà má baà mì. Ẹ pín 36 yẹn sí méjì, ẹ ṣe méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà kí fèrèsé wà lápá òsì ìyá tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kí òjìji ọwọ́ náà má baà bo ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé.